Ẹ Bá Wa Fi Ojú Òkè Wo Omi Ọ̀tìn: Ẹ̀bẹ̀ Láti Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nípasẹ̀ Kọmíṣánnà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀dà sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, àti sí ààfin Akìrun, Olúníṣà àti Olókukù.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ń dé iwájú yín kò níí lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń tọrọ títì, ilé ìwòsàn tàbí owó ìrànwọ́. Tiwa kò tó ìyẹn. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba yan èèyàn méjì, bó pọ̀ tán mẹ́ta, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti máa wo omi dáàmù Èkó-Ẹńdé nínú àwọn àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì máa bu omi náà wò ní ọjọ́ tí sátẹ́láìtì bá kọjá lórí rẹ̀. Kí ohun tí wọ́n bá rí má ṣe wọ inú fáìlì lọ sùn. Kí ó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń po kẹ́míkà sí omi, kí ó dé ààfin, kí ó dé etígbọ̀ọ́ àwa tí à ń mu ún.

Ẹ̀yin náà mọ Ọ̀tìn. Òun ló fún ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ. Ní Ìníṣà, ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé obìnrin jagunjagun kan láti Ọ̀tan ni, tó wá gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá kó tó di odò. Ní Òkukù, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìtàn Ìkìrun yóò rántí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ìyẹn ogun Jálumi, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ́gun wọn sá títí tí wọ́n fi ya lu Ọ̀tìn, tí omi sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Odò kan náà ni wọ́n sé ní Èkó-Ẹńdé kí páìpù lè gbé omi wọ àwọn ìlú wa. Kò sì tán síbẹ̀. Ọ̀tìn ń ṣàn lọ bá Ẹrinlẹ̀, Ẹrinlẹ̀ ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ohunkóhun tó bá wọ inú Ọ̀tìn lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà ni, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Èkó-Ẹńdé rí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ báyìí pé omi ti rú? Nínú dúrọ́ọ̀mù la ti ń mọ̀ ọ́n. Ìyálé ilé á pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, á mú òkúta álọ́ọ̀mù dání, á fi po omi náà yíká, á sì dé e. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹrẹ̀ á ti sílẹ̀, òkè á ti tòrò. Á wá fi ike rọra máa bù ú lójú, pẹ̀lú sùúrù, kí ìsàlẹ̀ má baà tún rú sókè, èyí tó kù nísàlẹ̀ á sì lọ síbi ìfọlẹ̀. Ìmọ̀ gidi nìyẹn. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń fọ omi fún odindi ìlú, àfi pé tiwọn tóbi, wọ́n sì ń fi klorín tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi dé inú dúrọ́ọ̀mù ni obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó rú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, tí àgbàrá gbá erùpẹ̀ rẹ̀ wọ odò, ẹrẹ̀ yẹn kì í dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń rìn. Àkókò tó fi ń rìn yẹn ni a ń pàdánù, torí pé kò sẹ́ni tó ń wò ó bọ̀. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà sọ pé ìdàrú omi kò gbọdọ̀ ju 5 lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NTU. Ẹni tó mọ̀ ṣáájú pé omi rírú ń bọ̀ lè pèsè álọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó lè yí ibi tó ti ń fa omi sókè tàbí sílẹ̀, ó lè dá ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀, ó sì lè sọ fún ìlú kí wọ́n pọn omi pamọ́. Ẹni tí kò mọ̀, àfi kó máa sáré kiri.

Sátẹ́láìtì kò ní ahọ́n tí yóò fi tọ́ omi wò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń kà. Bí oòrùn bá tàn sójú omi, omi á gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, á sì dá díẹ̀ padà sókè. Omi tó mọ́ gaara máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì máa ń gbé èyí tó kọjá pupa, tí ojú èèyàn kò lè rí, mì ráúráú. Ìdí nìyẹn tí irú omi bẹ́ẹ̀ fi ń dúdú nínú àwòrán. Omi tí ẹrẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ń dá pupa padà. Bó bá sì jẹ́ pé ohun aláwọ̀ ewé tíntìntín tí í hù nínú omi tó dúró sójú kan ló pọ̀ níbẹ̀, ohun tó ń dá padà yàtọ̀ sí ti ẹrẹ̀, ẹ̀rọ sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àgbà aláró ní Òṣogbo á wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò, á sì sọ bí aró ṣe lágbára tó àti bóyá aṣọ náà tún ń fẹ́ ìrẹ sí i. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, àfi pé àwọ̀ tó mọ̀ ju èyí tí ojú wa mọ̀ lọ.

Àwọn àwòrán yìí wà nílẹ̀ báyìí. Láti ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti ń fi Landsat ya ilẹ̀ ayé, láti ọdún 2008 sì ni wọ́n ti ṣí gbogbo àpótí àwòrán náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ará Yúróòpù gbé Sentinel-2 àkọ́kọ́ lọ sókè lọ́dún 2015, wọ́n gbé ìkejì tẹ̀lé e lọ́dún 2017. Bí méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń padà wá sórí ibì kan náà, ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán wọn sì jẹ́ mítà 10 níbùú àti lóròó. Ti Landsat jẹ́ mítà 30, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni Landsat 8 àti 9 sì ń pín láàárín ara wọn. Èkó-Ẹńdé wà nínú gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà á, kò sẹ́ni tó san owó rẹ̀. Ní àárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n á kọjá, wọ́n á ya Òkukù, wọ́n á ya Ìníṣà, wọ́n á ya Ìkìrun, wọ́n á sì máa lọ. Àwòrán náà á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ mélòó kan tó pé. Ẹni tó fẹ́ tilẹ̀ lè wo ẹ̀yìn, kó wo bí omi dáàmù náà ṣe ń fẹ̀ àti bó ṣe ń fà láti ọdún dé ọdún. Àwọn tó ń kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ àgbàṣe kì í sábà dárúkọ èyí, ó sì yé wa ìdí tí kò fi wù wọ́n.

Ọlọ́lá Jùlọ, ó yẹ ká sọ ohun tí sátẹ́láìtì kò lè rí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tàn yín. Kò lè rí kòkòrò àrùn onígbáméjì. Kò lè rí òjé, kò lè rí mákúrì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí oògùn apakoríko tó ti yòrò sínú omi. Omi lè mọ́ lójú sátẹ́láìtì bí omijé ọmọdé, kí ó sì tún máa pa èèyàn. Kò tún lè rí odò tóóró tí igi bo ìgbátí rẹ̀, torí ẹyọ àmì mítà 10 yóò kó igi, koríko àti omi pọ̀ mọ́ra wọn; Ọ̀tìn fúnra rẹ̀, kó tó dé dáàmù, tóóró ni níbi púpọ̀. Kùrukùru tún ń dí i lójú. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ lè tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ kí a má rí àwòrán kan tó mọ́. Sátẹ́láìtì mìíràn, Sentinel-1, máa ń ríran la kùrukùru kọjá nítorí pé kì í lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, yóò sì sọ bí omi ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí koríko ti bò ó, ṣùgbọ́n kò mọ àwọ̀ rárá. Ọyẹ́ pẹ̀lú, bó bá rọ́ eruku wá láti òkè ọya, ń da àwòrán rú. Nítorí náà, a kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi sátẹ́láìtì rọ́pò àyẹ̀wò inú ilé ẹ̀rọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó máa tọ́ka ọjọ́ àti ibi tó yẹ kí ẹni tó ń bu omi lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Odò tó gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun-ìní àgbáyé lọ́dún 2005, ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀ lójú gbogbo wa. Ìwakùsà góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Ìkìlọ̀ náà dára, a sì dúpẹ́. Ohun tó ń dùn wá ni pé kí ìkìlọ̀ yẹn tó jáde, ọdún ti gorí ọdún tí odò ti ń pọ́n, àwọn olùjọsìn sì ti ń sọ ọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n bá hú létí odò kì í ṣòro fún sátẹ́láìtì láti rí: igi á pòórá, erùpẹ̀ pupa á yọ, kòtò omi á tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá ń wò ó lóṣooṣù ì bá ti mọ ọjọ́ tí kòtò àkọ́kọ́ là. A kò sọ pé ohun tó ṣe Ọ̀ṣun ti ṣe Ọ̀tìn. A ń sọ pé bí yóò bá ṣe é, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àwa tí à ń pọn omi la ó kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn ará Ghana ti jìyà èyí ju wa lọ. Ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní galamsey ti sọ àwọn odò bíi Pra di ẹrẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, iléeṣẹ́ omi wọn, Ghana Water, kéde pé ìdàrú omi tó ń wọlé sí ibi ìfọmi wọn ní Sekyere Hemang, èyí tó ń fún Cape Coast àti àyíká rẹ̀ lómi, ti dé 14,000 NTU, bẹ́ẹ̀ sì ni 2,000 péré ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ibẹ̀ fún. Omi tí wọ́n lè fún ìlú wá dín kù gan-an. Kì í sì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ni ń lé ìlú kúrò nídìí omi. Ní ìlú Toledo àti àyíká rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ó lé ní 400,000 èèyàn tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é mu pàápàá, torí pé ohun aláwọ̀ ewé tó hù bo adágún Erie ti tú májèlé sínú omi, iná kì í sì í pa májèlé náà. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kò sí omi mímu. Lónìí, iléeṣẹ́ NOAA níbẹ̀ ń lo àwòrán sátẹ́láìtì láti fi sọ ibi tí nǹkan ọ̀hún wà lórí adágún náà àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, kí ilé ìfọmi lè múra. Ohun tó ń bọ́ nǹkan yìí níbẹ̀ ni ajílẹ̀ tí òjò ń wẹ̀ kúrò lóko. Àwa náà ń fi ajílẹ̀ sóko.

Àdúrà wa ni pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àmín. Ṣùgbọ́n lórí dáàmù, ojú oró tó lékè jù kì í ṣe ire. Bó bá tẹ́ bo omi, oòrùn kò níí ráyè wọ ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ẹja á léfòó. Àwọn apẹja ní Èkó mọ ohun tí ewéko omi ṣe sí wọn láti bí ọdún 1984, nígbà tí ẹ̀yà kan tó wá láti òkè òkun gba ọ̀nà omi Pọ́tò Nóvò àti Badagry wọlé, tí ọkọ̀ kò rójú kọjá mọ́. Ewéko tó léfòó hàn kedere láti òkè, torí pé ewé ń dá ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa padà rẹpẹtẹ níbi tí omi ń gbé e mì. Nínú gbogbo ohun tí sátẹ́láìtì lè ṣe fún Èkó-Ẹńdé, èyí ló rọrùn jù. Ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lè fà á lámì.

Nǹkan míì sì wà nínú ewéko náà. Ìgbín odò tí ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá, èyí tí ọmọdé fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, inú koríko etí omi ló fẹ́ràn. Ní Senegal, lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù Diama lọ́dún 1986, àrùn yìí gbilẹ̀ ní Richard-Toll àti àwọn abúlé etí odò. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ya àwòrán etí omi láti òkè, wọ́n sì rí i, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019, pé bí koríko omi ṣe fẹ̀ tó níbi tí èèyàn ti ń wọ odò sọ púpọ̀ fún wọn nípa iye ọmọ tí àrùn yóò mú, ó tilẹ̀ wúlò ju kí a máa ka ìgbín lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ fojú inú wò ó: kí àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní àwòrán kan lọ́wọ́ tó fi hàn wọ́n pé etí omi báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé oògùn lọ, etí omi báyìí ni kí ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́. Òbí wo ni kò níí gbàdúrà fún ìjọba tó ṣe é?

Bí ẹ bá béèrè ibi tí a ó ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, ìpínlẹ̀ yín ni wọ́n wà. Inú ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni iléeṣẹ́ AFRIGIST wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ kíka àwòrán ojú òkè. Nínú ọgbà kan náà ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tún wà, tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ti lẹ́yìn. Àwọn ará Kẹ́ńyà, àwọn ará Gáńbíà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kọ́ iṣẹ́ ní Ifẹ̀. Láti Ìkìrun sí Ifẹ̀, ọkọ̀ akérò lásán ni. Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà tirẹ̀ ní Òkukù gan-an. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gbé NigeriaSat-1 lọ sójú òfuurufú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ó gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àwọn ọmọ wa ló sì fọwọ́ ara wọn to NigeriaSat-X ní Ìlú Ọba. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ lọ́dún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó ya àwòrán ìjàm̀bá náà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ojú Nàìjíríà ríran dé New Orleans. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó ríran dé Èkó-Ẹńdé.

Bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí kò le. Kí àwọn méjì náà ní kọ̀ǹpútà kan tó dára, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, àti iná. Kí wọ́n mọ ọjọ́ tí sátẹ́láìtì yóò kọjá. Ọjọ́ náà kì í yẹ̀, ẹ lè kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ojú ọ̀run bá mọ́, kí wọ́n wọ ọkọ̀ apẹja lọ sí ibi mẹ́rin márùn-ún lórí dáàmù. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bu omi sínú ìgò fún ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì sọ abọ́ Secchi sínú omi. Ọmọ Ítálì kan, Angelo Secchi, ló bẹ̀rẹ̀ lílò rẹ̀ lọ́dún 1865, kò sì tíì sí ohun tó rọrùn jù ú lọ. Abọ́ pẹlẹbẹ kan ni, tí a kun dúdú àti funfun ní ìdá mẹ́rin, tí a so irin wúwo mọ́ nísàlẹ̀ kó lè rì, tí okùn tí a ta kókó sí ní ìwọ̀n-ìwọ̀n sì gba àárín rẹ̀. A ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lápá ibi tí òjìji ọkọ̀ bá ṣẹ́ sí, a ó tẹjú mọ́ ọn. Ní àkọ́kọ́, funfun rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà. Lẹ́yìn náà á di aláwọ̀ ọsàn, á di bàìbàì. Ibi tí ojú kò bá ti rí i mọ́, a ó ka kókó okùn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wẹ́dà kankan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ìkìrun lè fi ìdérí korobá ọ̀dà ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Iye tí a bá kọ sílẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ti ilé àyẹ̀wò, ni a ó fi kọ́ àwòrán sátẹ́láìtì ní èdè omi tiwa, torí pé ẹrẹ̀ Ọ̀tìn kì í ṣe ẹrẹ̀ Erie, ìṣirò tí wọ́n ṣe fún adágún Amẹ́ríkà kò sì lè bá tiwa mu bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

A ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí rí, tó sì yọrí. Nígbà tí Nàìjíríà lé sòbìà lọ, tí àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013, àwọn tó ń lọ láti abúlé dé abúlé pẹ̀lú asẹ́ aṣọ àti ìwé àkọsílẹ̀, tí wọ́n ń béèrè adágún tí oníkálukú ń mu, ni wọ́n ṣe é. Sùúrù wọn àti ìròyìn tí kì í gbé lọ́nà ló borí. Ìyẹn náà là ń tọrọ: kí ìròyìn má gbé lọ́nà. Kí Rédíò Ọ̀ṣun máa ka a bí wọ́n ṣe ń ka ti òjò. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkìrun àti Òkukù, kó wà ní gbàngàn ìlú ní Ìníṣà, ní Yorùbá tó yé ọlọ́jà: omi tòrò, omi rú díẹ̀, omi rú gan-an, koríko ń pọ̀.

Ẹ̀rù nǹkan mélòó kan ń bà wá, a ó sì sọ wọ́n láìfi bò. Èkíní ni kọ́ńtíráàtì. Bí ìwé yìí bá dé Òṣogbo, ẹnìkan á dìde pé òun yóò ta ẹ̀rọ pàtàkì kan fún ìjọba, tí yóò máa fi omi hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá nínú ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a lóhùn. Àwòrán tó fẹ́ tà fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi owó náà ra ọkọ̀ ojú omi, ìgò àyẹ̀wò àti dátà. Èkejì ni àwọn àgbẹ̀ àti darandaran. Bí àwòrán bá fi hàn pé erùpẹ̀ ń wọ odò láti oko kan, ìtìmọ́lé kọ́ ni kí wọ́n fi ṣe ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ro etí odò, ebi ló gbé e débẹ̀. Ẹ rán àwọn olùkọ́ni iṣẹ́ àgbẹ̀ sí i, ẹ fún un ní igi tí yóò gbìn sí ìgbátí odò. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fi katakata wú ilẹ̀ ni, ìyẹn yàtọ̀. Òfin mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwa náà mọ̀ pé omi tó mọ́ ní dáàmù kò wúlò fún ilé tí páìpù rẹ̀ ti dípẹtà tàbí tí omi kò dé mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ń gbọ́kàn lé kànga, bọ́hóòlù àti omi inú ọ̀rá. A kò pa ẹ̀bẹ̀ páìpù tì. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ tún ibi ìfọmi tàbí páìpù ṣe, àwọn tó máa ṣe é yóò béèrè pé báwo ni omi tó ń wọlé ṣe máa ń rú tó, ní oṣù wo, fún ọjọ́ mélòó. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, wọ́n á fojú díwọ̀n, wọ́n á kọ́ ẹ̀rọ tó kéré jù bíi ti Sekyere Hemang, tàbí èyí tó tóbi jù tí kò níí sówó epo tí yóò máa jẹ. Àkọsílẹ̀ ọdún kan péré á ti gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Oṣù Kọkànlá la fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́lá Jùlọ, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku dé, torí ìgbà yẹn ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù. Kí ó tó di ìgbà náà, lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì yín sí Ifẹ̀, kí wọ́n gba àwọn méjì tí ẹ bá yàn fún ẹ̀kọ́ ráńpẹ́, ti tó. Ọkọ̀ apẹja, okùn, abọ́ dúdú àti funfun, àti ẹni tó mọ ibi tí dáàmù ti jìn, tiwa nìyẹn. Àwa fúnra wa la ó pèsè wọn.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwa ọmọ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù tí à ń mu omi Ọ̀tìn